Ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ àti fólétì: ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Abẹ́òkúta la wà. Wọ́n ya àwòrán ikùn màámi lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní ọ̀rá ti wà nínú ẹ̀dọ̀ wọn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tún ní fólétì (fítámì B9) wọn lọ sílẹ̀. Màámi ò mutí rí o! Láfún alẹ́ nìkan ni wọn kì í fi ṣeré.

Dókítà kọ folic acid 5 mg, ìyẹn fólétì tí wọ́n ṣe sí oògùn, hóró kékeré aláwọ̀ ìyeyè táwọn aláboyún máa ń lò yẹn. Nọ́ọ̀sì kan ní fólétì wà lára ohun tí ẹ̀dọ̀ nílò láti kó ọ̀rá jáde. Ṣé àìtó rẹ̀ ló wá fà á ni, àbí wọ́n kàn jọ ń rìn? Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí màámi ń bọ̀, tí wọ́n ń fún omi rẹ̀ dànù ńkọ́, ṣé fólétì kankan ṣẹ́ kù níbẹ̀?