Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: aago ẹ̀rọ omi wa sá padà sí 1901

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé iṣẹ́ omi kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lápá Kubwa l'Ábújá níbí. Kọ̀ǹpútà kan ló ń sọ ìgbà tí pọ́ǹpù máa da klorín sómi.

Ní Sátidé, nígbà tí a ti ti omi pa, mo sún déètì rẹ̀ síwájú sí 19 Jánúárì 2038. Bí aago ṣe kọjá 4:14:07 ìdájí, ó fò padà sí 13 Dìsẹ́ńbà 1901! Pọ́ǹpù dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo mọ ohun tó fà á: láti 1970 ló ti ń ka ìṣẹ́jú àáyá, bó bá dé 2,147,483,647, àyè tán. Mallam tí a jọ ń ṣọ́ ẹ̀rọ kàn ń rẹ́rìn-ín ni, ó ní a ò tíì rówó dísù tòní. Kò kúkú parọ́.

Ẹnìkan ní kí n fi ọdún 28 dá déètì sẹ́yìn, torí 19 Jánúárì 2010 àti ti 2038, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni méjèèjì. Ta ló ti ṣe é rí? Ṣé ìwé àkọsílẹ̀ klorín ò ní dàrú? Àbí ká kúkú pààrọ̀ ẹ̀rọ náà? Ẹni tó tà á fún wa ò gbé fóònù mọ́.