“Àbùdá” kò lè gbé ìtàn Monod

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ti ka ìtàn iṣẹ́ Jacques Monod, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Faransé, tí ọ̀gá wa tó ń kọ́ni ní Oǹdó túmọ̀ fún àwọn ọmọ girama. Èdè náà dùn. Àmọ́ láti Àkúrẹ́ níbí, mi ò gba “kòkòrò” fún bakitéríà, mi ò gba “ìdà oúnjẹ” fún mẹtabólísìmù, “àbùdá” fún jíìnì, ìyẹn àṣẹ àjogúnbá inú ara tó ń sọ ohun tí ara yóò ṣe, ló sì ń dùn mí jù.

Ti kòkòrò kò gùn. Kòkòrò ní ẹsẹ̀. Tí ẹ bá sì fi “àìfojúrí” kún un, àrùn ni ọmọ yóò gbọ́. Bẹ́ẹ̀, bakitéríà ló ń jẹ́ kí ògì kan, òun ló sì ń fún irú ní òórùn. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ bakitéríà.

Ìdà oúnjẹ ńkọ́? Inú ikùn ni oúnjẹ ti ń dà, bakitéríà ò sì ní ikùn. Ó ń tú ṣúgà ká láti rí agbára, ó tún ń fi àfọ́kù rẹ̀ mọ ara tuntun. Ẹ bi àwọn ìyá tó ń ta ògì ní Ọjà Ọba: wọn ò ní sọ pé ògì dà, wọ́n á ní ó kan. Mo kọ́kọ́ fẹ́ dá “ìtúmọ” sílẹ̀, títú àti mímọ, kí n tó rí i pé yóò kọlu “ìtumọ̀” tí ẹ sì máa fi mí rẹ́rìn-ín. “Ìlò oúnjẹ” tó mi.

Ó ku àbùdá. Monod fún E. coli, irú bakitéríà kan tó ń gbé inú ìfun, ní ṣúgà méjì pa pọ̀, glúkóòsì àti òmíràn. Wọ́n jẹ glúkóòsì tán, wọ́n dáwọ́ bíbí sí i dúró fúngbà díẹ̀, wọ́n tún wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lórí ṣúgà kejì. Èyí wà nínú iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní 1941, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì wà ní Paris. Kí ni wọ́n ń ṣe nígbà ìdúró yẹn? Wọ́n ń ṣe ẹ́ńsáìmù, irinṣẹ́ inú ara tí wọn yóò fi jẹ èyí tó kù, ni. Jíìnì ẹ́ńsáìmù náà ti wà lára wọn látilẹ̀wá, iṣẹ́ ni kò ṣe. Ní 1961 ni òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ François Jacob wá ṣàlàyé ohun tó ń dá irú jíìnì bẹ́ẹ̀ dúró: ohun kan ló jókòó sójú ọ̀nà rẹ̀, ẹ̀yìn náà la sì wá mọ̀ pé púrótéènì ni. Bí láktóòsì, ìyẹn ṣúgà inú wàrà, bá dé, púrótéènì yẹn á kúrò. Àwọn méjèèjì àti André Lwoff gba ẹ̀bùn Nobel ní 1965.

Ẹ wá fi “àbùdá” sọ ọ́ báyìí. Bakitéríà ní àbùdá jíjẹ láktóòsì, àmọ́ àbùdá náà kò sí lára rẹ̀ títí láktóòsì fi dé. Ta ló máa yé? Ohun tí a ń rí lára ẹ̀dá làwa ń pè ní àbùdá. Jíìnì lè wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má rí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ fi àbùdá sílẹ̀ fún ohun tó hàn, kí jíìnì máa jẹ́ jíìnì.

Àwọn tó ní yíyá ọ̀rọ̀ jẹ́ ọ̀lẹ, ẹ gbọ́ èyí: Monod fúnra rẹ̀ jẹ́ alárìíwísí ọ̀rọ̀. Ní 1953, òun àti àwọn mẹ́rin mìíràn kọ ìwé sí Nature, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì, pé kí wọ́n yéé pe ṣíṣe ẹ́ńsáìmù tuntun ní mímú ara bá ipò mu, ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ kó dà bíi pé bakitéríà mọ ohun tó yẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n mú dípò rẹ̀ sún mọ́ “sísún ṣe” tiwa: láktóòsì sún bakitéríà ṣe ẹ́ńsáìmù. Ọ̀gá, “mímú ara bá a mu” lẹ kọ títí dé òpin ìtàn náà. Lẹ́yìn 1953, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i padà.

“Adènà” tí ẹ pe púrótéènì tó jókòó sójú ọ̀nà jíìnì ńkọ́? Ẹni tó dènà ń ba de ẹni tí ń bọ̀. Eléyìí dí ọ̀nà ni. Mo dábàá “adínà”.