Ìrírí mi lórí ẹ̀rọ ohùn tí ẹni tó ń dá ṣeré lè gbé lọ sóde ní Òṣogbo

Fèrè saxophone ni mo ń fọn, mo sì máa ń dá lọ sóde ni, láìsí onílù, láìsí oníjìtá. Tíráàkì, ìyẹn orin tí ìlù àti jìtá ti wà nínú rẹ̀, tí mo ti tọ́jú sórí fóònù ni ó ń gbè mí lẹ́sẹ̀. Òde ìsọmọlórúkọ, ìdána, ìsìn ìdúpẹ́ àti òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n sábà máa ń pè mí sí, láti Òkè-Fìà títí dé Òkè-Baálẹ̀, nígbà mìíràn mo máa ń dé Ẹdẹ àti Ìkìrun. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń múra láti ra ẹ̀rọ ni pé ibi tí a ó ti lò ó, ọ̀nà tí a ó gbà gbé e débẹ̀ àti iná tí yóò máa jẹ ni kí ẹ fi yàn án, kì í ṣe bí sípíkà ṣe tóbi tó tàbí iye wáàtì tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀.

Iná ni mo máa ń fi ṣáájú. Níbi ìdána kan tí mo lọ ní àgbègbè Ayétòrò, inú àgbàlá ni wọ́n to àga sí, iná ìjọba sì lọ gan-an nígbà tí ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń jó wọlé bọ̀. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kan náà ni ẹ̀rọ amómitutù àti gbogbo fáànù gùn lé; ìgbàkígbà tí ẹ̀rọ amómitutù bá tún gbéra ni gílóòbù ń ṣẹ́jú, tí sípíkà tí wọ́n háyà fún àwọn alága sì ń kùn. Tèmi ń lo bátìrì inú ara rẹ̀, nítorí náà orin kò dá, ìyàwó kò sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí i kedere níbẹ̀ pé àìsí iná nìkan kọ́ ni ìṣòro wa. Iná tí ń lọ sókè sódò burú fún ẹ̀rọ ohùn ju òkùnkùn lọ.

Bose S1 Pro, tí ó jáde ní 2018, àti JBL EON ONE Compact wà lára àwọn sípíkà onibátìrì tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yìí. Èkíní wọ̀n tó kílò 7, èkejì tó 8, àwọn tó ṣe wọ́n sì sọ pé bátìrì wọn lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí 11 àti 12. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi wákàtí yẹn ṣèlérí fún onínáwó, nítorí orí ohùn tó mọ níwọ̀n ni wọ́n ti kà á. Bí ẹ bá ṣí i sókè dáadáa bí òde wa ṣe ń fẹ́ ẹ, yóò dín kù gidigidi. Ẹ kọ́kọ́ tan án nílé, kí ẹ gbé ohùn rẹ̀ dé ibi tí ẹ máa ń gbé e dé lóde, kí ẹ sì máa wo aago títí yóò fi kú. Ooru náà máa ń tètè ba bátìrì jẹ́, ẹni tó bá ń fi í sílẹ̀ nínú búùtù ọkọ̀ nínú oòrùn oṣù kẹta ń dín ọjọ́ ayé rẹ̀ kù ni.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo kò gùn. Bí ẹ bá ń gun ọ̀kadà tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sóde bíi tèmi, fèrè yóò wà lẹ́yìn, sípíkà lórí ẹsẹ̀, irin ìdúró rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí ẹ kò bá lè dá gbé láti ẹnu títì dé abẹ́ ìbòrí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ní ọkọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí ni iye ojú ihò tí ẹ̀rọ ní, ìyẹn ibi tí a ń ki wáyà máìkì tàbí ti fóònù bọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé fèrè kan àti fóònù kan kò ju ihò méjì lọ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣeré níbi ìdána Yorùbá mọ̀ pé alága ìjókòó yóò wá bá òun láìpẹ́. Ní ọjọ́ kan màmá náà wá bá mi wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ní, "Ẹ dákun, olórin wa, ẹ jọ̀wọ́ máìkì, ẹni tó yẹ kó gbé tèmi wá ṣì wà lójú ọ̀nà." Ihò kẹta wà lára ẹ̀rọ mi, mo sì ní máìkì mìíràn nínú àpò, ni iṣẹ́ bá ń lọ. Ẹ rí i pé ihò kọ̀ọ̀kan ní bọ́tìnì ohùn tirẹ̀, kí ẹ lè rẹ tíráàkì sílẹ̀ nígbà tí alága bá ń kéwì láì fọwọ́ kan ohùn rẹ̀. Ní ti máìkì, irú Shure SM58 tí ó ti wà láti 1966 kò béèrè iná kankan lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ máìkì kékeré tí a ń kọ́ mọ́ ẹnu fèrè ń béèrè iná fóltì 48 (phantom power) láti inú ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe gbogbo sípíkà onibátìrì ni ó ń fún un. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Tíráàkì ni ẹ̀mí ẹni tó ń dá ṣeré, nítorí náà ọ̀nà tí ó ń gbà wọ inú sípíkà ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù Bluetooth nítorí pé ohùn rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó jáde. Òótọ́ ni pé ó lè pẹ́ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ tíráàkì nìkan ló gba ibẹ̀, kò dí wa lọ́wọ́, nítorí ohun tó ti inú sípíkà jáde ni àwa náà ń gbọ́ tí a fi ń tẹ̀ lé e. Máìkì fèrè ni kò gbọdọ̀ gba ibẹ̀ rárá. Ohun tó mú mi padà sórí wáyà ni ti àwọn èrò: nígbà tí àlejò bá jáde wá náwó, tí ara wọn sì wà láàárín fóònù àti sípíkà, ohùn máa ń já, nítorí omi inú ara ènìyàn ń gba ìgbì yẹn mu.

Wáyà náà sì ní ọgbọ́n tirẹ̀. Àbúrò kan tó ń fọn trumpet pè mí láti òde kan lẹ́yìn Ọ̀lá-Ìyá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀sì ti sọnù, ìlù ti sọnù, àfi bí ẹni pé inú kànga ni orin wà." Mo ní kó wo orí wáyà tó fi so fóònù mọ́ sípíkà, bóyá ìlà dúdú méjì ló wà ní ẹnu rẹ̀. Méjì ni, àmì pé òsì àti ọ̀tún ni wáyà náà ń gbé. Ọ̀nà méjì ni ohùn ń gbà jáde nínú fóònù, ti òsì àti ti ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ihò máìkì lẹ́yìn ọ̀pọ̀ sípíkà máa ń yọ ohun tó bá gba ojú kejì kúrò nínú ti ojú kìíní, kí ariwo tí wáyà bá kó lójú ọ̀nà lè pa rẹ́. Bí wáyà fóònù bá bọ́ sínú irú ihò bẹ́ẹ̀ tààrà, ohunkóhun tó bá dọ́gba ní òsì àti ọ̀tún yóò pa ara wọn rẹ́, bẹ́ẹ̀sì àti ìlù ńlá ló sì sábà máa ń dọ́gba. Ihò kékeré tí wọ́n ṣe fún fóònù wà lára sípíkà rẹ̀. Ó gbé wáyà síbẹ̀, orin sì pé. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá ní irú ihò yẹn lè ra wáyà tó pín òsì àti ọ̀tún sí orí méjì, kí ó sì kì wọ́n sínú ihò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ gba fáìlì orin sórí fóònù pátápátá, kí ẹ má ṣe gbára lé dátà, kí ẹ sì pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí ìpè kankan má baà wọlé láàárín orin.

Ẹ̀rọ tó dára pàápàá máa ń hú bí a bá gbé e síbi tí kò yẹ. Máìkì tí a kọ́ mọ́ ẹnu fèrè kọjú sí ẹni tó ń fọn, bẹ́ẹ̀ ló sì kọjú sí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn sípíkà tó bá wà níbẹ̀ yóò máa padà wọ inú máìkì tààrà, ìyẹn ló sì ń mú un hú. Ẹ̀gbẹ́ ni mo máa ń gbé tèmi sí, ní ìlà kan náà pẹ̀lú èjìká mi, kí n máa gbọ́ tíráàkì, kí àwọn èrò sì máa gbọ́ ọ. Ní Òṣogbo ẹ tún gbọ́dọ̀ fi ti àwọn onígángan kún un, nítorí wọ́n máa ń yà síbi ìsọmọlórúkọ láti ki àwọn ọmọ Òròkí, wọ́n á sì lù mọ́ orin yín tayọ̀tayọ̀. Tíráàkì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo máa ń yí sípíkà sọ́dọ̀ wọn díẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ agogo inú orin, a ó sì jọ máa lọ. Mo fẹ́ràn irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ ju òtẹ́ẹ̀lì èyíkéyìí lọ. Nínú yàrá kékeré, ohùn fèrè fúnra rẹ̀ ti tó, ẹ lè fi tíráàkì nìkan sínú ẹ̀rọ.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí wáàtì tàn yín. Bí a bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí ohùn ṣe ròkè tó) 3 péré ni ohùn fi lé, ó sì gbà tó 10 kí etí tó gbà pé ohùn ti di ìlọ́po méjì. Ní ìta gbangba, ìlọ́po méjì ìjìnnà ń yọ dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 6 kúrò, nítorí náà ohun tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó ní mítà 8 fi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 12 kéré sí ti ẹni tó wà ní mítà 2. Nítorí èyí ni mo fi máa ń sọ fún onínáwó pé bí òde bá tó irú ti gbàgede Freedom Park, kí wọ́n háyà ẹ̀rọ ńlá. Èmi yóò so tèmi mọ́ mísà wọn, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń da ohùn pọ̀, n ó sì máa fi gbọ́ ara mi.

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ mú fèrè yín àti tíráàkì yín dání, ẹ má ṣe gba orin tí ọlọ́jà fẹ́ fi dán an wò. Ẹ rẹ ohùn sílẹ̀ kí ẹ gbọ́ bóyá bẹ́ẹ̀sì ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dá orin dúró, ẹ ṣí gbogbo bọ́tìnì ohùn sókè, kí ẹ sì tẹ́tí sí ariwo tí ẹ̀rọ náà ń dá ṣe. Bí ó bá pọ̀ débi pé ẹ ń gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kó gbé òmíràn wá.