Àbọ̀ lórí sáfà wa ní Ìkòròdú: ó ti yanjú

Ẹ kú àdúrótì. Ẹ rántí pé mo béèrè ìdí tí sáfà (kọ̀ǹpútà server) tí a fi ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ní Ìkòròdú fi ń gbóná lóru, tí www-data (àkáǹtì tí ètò wẹ́ẹ̀bù fi ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà) ń ṣe iṣẹ́ tẹ́nì kan ò rán an.

Cacti 1.2.22 (ètò tí a fi ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ló wà lórí ẹ̀, CVE-2022-46169 (nọ́ńbà ihò ààbò kan nínú Cacti) sì ni àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì gbà wọlé. Fáìlì remote_agent.php inú Cacti máa ń wo àdírẹ́sì àlejò kó tó ṣílẹ̀kùn, àmọ́ ẹni tó bá fi X-Forwarded-For (ìlà inú ìbéèrè wẹ́ẹ̀bù tó ń sọ àdírẹ́sì ibi tó ti wá) parọ́ pé òun ni sáfà fúnra ẹ̀ á wọlé láìní páásíwọọ̀dù. Àṣẹ tó bá tì mọ́ poller_id (àyè kan nínú ìbéèrè náà), sáfà á jẹ́ ẹ. Olè pe ara ẹ̀ ní onílé, máígádì ní ẹ káàbọ̀ sà!

Àwọn tó ń ṣe Cacti ti dí ihò yẹn ní 1.2.23. Ṣùgbọ́n update nìkan ò tẹ́ mi lọ́rùn, torí ẹni tó ti wọlé lè ti gé kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀. Mo nu gbogbo ẹ̀, mo tún un tò, mo pààrọ̀ páásíwọọ̀dù àti SNMP community, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń gba ìròyìn lọ́wọ́ àwọn ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì (“public” tí gbogbo ayé mọ̀ ló ṣì wà níbẹ̀ o!). VPN (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) nìkan la fi ń wọ̀ ọ́ báyìí.

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n wo access.log (àkọsílẹ̀ gbogbo ìbéèrè tó wọ sáfà), ẹ ṣeun gan-an. “action=polldata”, ìbéèrè tí wọ́n fi ń gba ihò yẹn wọlé, kún ibẹ̀ fọ́fọ́.