"Aró òkun" kẹ̀? Ẹ jẹ́ ká wá orúkọ míì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa tó ní ká máa pe búlúù tí wọ́n ń yọ lára cyanobacteria (àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín inú omi) ní "aró òkun", ẹ jọ̀ọ́ sà, ó dùn létí lóòótọ́, àmọ́ mi ò lè gbà á, ọmọ aláró ni mí ní Kétu níbí.

Ewé ẹ̀lú ni ìyá bàbá mi máa ń gún, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a, ó dìgbà tó bá kan nínú omi eérú kó tó di aró, tí wọ́n bá sì fa aṣọ yọ nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé lẹ máa kọ́kọ́ rí, atẹ́gùn ló máa sọ ọ́ di dúdú lójú yín báyìí. Èékánná màmá ò funfun mọ́ títí wọ́n fi lọ.

Tèyí wá ńkọ́? Mo ra ìyẹ̀fun spirulina, ọ̀kan lára cyanobacteria yẹn, ní fámásì kan ní Àjàṣẹ́, àwọ̀ ewé ni, mo pò ó mọ́ omi tútù, nígbà tílẹ̀ mọ́ omi òkè ti di búlúù, tí mo gbé e sóòrùn ó tún ń kọ pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Mo ní kí n fi ya àwọn ọmọ lẹ́nu, mo dà á sínú ẹ̀kọ gbígbóná, búlúù bá lọ! Purotéènì ni, phycocyanin lorúkọ ẹ̀, iná máa ń bà á jẹ́ bó ṣe ń mú ẹyin dì. Oúnjẹ ni wọ́n fi ń kùn, ní 2013 ni FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, gbà á láyè fún súìtì àti ṣingọ́ọ̀mù. Ẹ gbé e fún aláró kó fi rẹ aṣọ, ẹ̀ẹ́ gbọ́ èébú.

"Òkun" gan-an ńkọ́? Synechococcus, cyanobacteria míì, wà lókun lóòótọ́, àmọ́ spirulina yìí, omi oníkán-ún ló fẹ́, létí adágún Ṣáàdì àwọn obìnrin Kanembu ti ń kó o tipẹ́, wọ́n á sá a lórí iyanrìn, dihé ni wọ́n ń pè é. (Aró ń fẹ́ omi eérú, èyí ń fẹ́ omi kán-ún, wọ́n jọra díẹ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ lẹ ti lè mú mi.)

"Kòkòrò aró" tí ẹnì kan tún mú wá fún cyanobacteria fúnra ẹ̀, kòkòrò tó ń jẹ aṣọ ló wá sí mi lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ oòrùn lèyí fi ń ṣe oúnjẹ bí ewé. Èmi ní "ọbẹ̀dò àyìnrín" fún ohun abẹ̀mí yẹn, "àyìnrín ọbẹ̀dò" fún àwọ̀ tí wọ́n yọ, torí ọbẹ̀dò nilé wa ń pe nǹkan tó ń yọ̀ lára ìkòkò omi. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́, kí lẹ̀ ń pe èyí tó máa ń bo ojú odò lọ́dọ̀ yín?