Kùkúḿbà tí òórùn oògùn ń jáde lára rẹ̀: báwo ni kí n ṣe fọ̀ ọ́?

Ìyá Ìbejì (Sábó): Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Èso ni mò ń tà ní Sábó. Kùkúḿbà tí wọ́n gbé fún mi láti oko kan lọ́nà Àgbọ̀wá, òórùn oògùn kòkòrò ń jáde lára rẹ̀, funfun kan sì bò ó. Ẹnì kan ní kí n fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́, ẹlòmíì ní omi iyọ̀. Àwọn ọmọ iléèwé ló ń rà á jù, wọn kì í bó o kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Ṣèyí: Ẹ má fi ọṣẹ kàn án o, ìyá wa! Ó lè wọ ara èso, ẹni tó bá jẹ ẹ́ á sì jẹ tọṣẹ. Ẹ fi omi tó ń ṣàn àti ọwọ́ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ. Èyí tí ẹ máa tà lójúmọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ fọ̀, torí èyí tó bá tutù sùn máa ń tètè jẹrà.

Àdùkẹ́ Nọ́ọ̀sì: Béékìn sódà dáa ju omi lásán lọ. Lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà dán an wò lára ápù tí wọ́n fi oògùn méjì sí, thiabendazole àti phosmet. Ó borí omi lásán àti omi bílíìṣì. Gíráàmù 10 sí lítà omi kan ni wọ́n lò, bíi ṣíbí tíì méjì, oògùn ojú èèpo sì kúrò láàárín ìṣẹ́jú 12 sí 15. Béékìn sódà ni mo wí o, kì í ṣe baking powder, kì í sì í ṣe kánún. Ṣùgbọ́n bí ìdá 20 nínú 100 thiabendazole yẹn ti wọnú ápù lọ. Ìyẹn ò ṣeé fọ̀.

Ìyá Ìbejì: Omi iyọ̀ ńkọ́?

Àdùkẹ́ Nọ́ọ̀sì: Ó ń mú díẹ̀ kúrò, mà.

Àgbẹ̀ Alákùkọ: Ẹ̀yin mà, àgbẹ̀ ni mí, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Funfun yẹn nìkan kọ́ ni ẹ̀rí, kùkúḿbà míì máa ń bu funfun fúnra rẹ̀. Òórùn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Wọ́n kọ iye ọjọ́ tó yẹ kéèyàn dúró lẹ́yìn fífín kó tó kórè sára ìgò oògùn. Kùkúḿbà tó bá ti ń so, kò ju ọjọ́ kan sí méjì lọ tí a ó tún fi ká a, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń fín in lónìí tí wọ́n sì ń ká a lọ́la. Ìyẹn ò dáa, èmi ò sì gbè wọ́n lẹ́yìn. Àwọn oògùn kan tún wà, bí imidacloprid, tí igi ń fà wọnú ara, béékìn sódà ò rí wọn mú. Ẹ pe olóko yẹn. Ẹ bi í ní orúkọ oògùn tó lò àti ọjọ́ tó fín in.

Ìyá Ìbejì: Mo ti pè é. Ọjọ́ tó ṣáájú ìkórè ló fín in. Mo ní kó wá kó ẹrù rẹ̀, n ò ní tà á fún ọmọ ọlọ́mọ. Tòmátì tó wà nílẹ̀ ni màá fi béékìn sódà fọ̀. Níbo ni mo ti lè rí i rà?

Bàbá Ṣèyí: Ẹ wò ó lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta èròjà kéèkì.