Ṣé ká dá agídìgbo padà sínú orin Hárúnà Ìṣọ̀lá ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Orin àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá, tó kú ní 1983, lẹgbẹ́ wa fi ń ṣe ìrántí rẹ̀ níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lóde tá a lọ ní Sábó, a fi dùùrù rọ́pò agídìgbo. Àwọn ọ̀dọ́ jó, wọ́n làágùn. Àmọ́ bàbá kan tó ti fa owó yọ láti ná fún wa rọra ká a padà sápò, ló bá jáde. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara.

A ti lo agídìgbo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan rí, àwọn ọ̀dọ́ ò dúró. Ká pín eré sí méjì ńkọ́? Ọkàn mi ò gbà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn orin Hárúnà, èwo ni ká ṣe: ká kọ ọ́ bó ṣe fi í sílẹ̀, àbí ká máa bá dùùrù lọ?

Ẹ ṣeun púpọ̀ ṣáájú.